Ọwọ́ Tó Yí Àwòrán Ilẹ̀ Komu Padà

Ọwọ́ Fọlákẹ́mi méjèèjì wà lórí itan rẹ̀ nígbà tí ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sùn mọ́jú. Ó wo máòsì. Máòsì wà lórí tábìlì níbi tó fi í sí, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀ ọfà náà ń lọ. Kò sáré, kò sì ṣìnà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì gòkè, ó ṣí àpò tí wọ́n ń kó àwòrán ilẹ̀ sí, ó wá èyí tí Fọlákẹ́mi yà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wọ́ ọ lọ sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì da ohun inú garawa náà nù. Kí Fọlákẹ́mi tó mí lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ti parí. Ọfà náà padà wá sí àárín, ó dúró jẹ́ẹ́.

Fọlákẹ́mi fò sókè, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ògiri fi dá a dúró. Igbe tó ké ló mú Ràmọ́nì sáré wọlé. Ràmọ́nì ló máa ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ lọ sóko. Òun, Fọlákẹ́mi tó ń ya àwòrán, àti ọ̀gá wọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì sọ́fíyọ̀ náà ní Ìsẹ́yìn.

"Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

"Ó ń rìn fúnra ẹ̀! Ràmọ́nì, mi ò fọwọ́ kàn án, ó ń rìn fúnra ẹ̀! Ó ti pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́!"

Ràmọ́nì wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọmọbìnrin náà, ó sì ṣe irú ojú tí èèyàn máa ń ṣe fún ẹni tí ìṣòro ti fẹ́ dà lórí rú. "Fọlákẹ́mi, jókòó. Mu omi."

"Má jẹ̀ẹ́ kó jókòó," obìnrin kan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ́ kó dúró síbi tó wà. Ìwọ náà, má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Obìnrin náà kúrú, ó fi ìborùn dúdú borí, eruku pupa sì ti bo bàtà rẹ̀. Waheedat Ràsáàkì lorúkọ rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Àwọn tó ti bi ní ìbéèrè rí ní Òkè-Ògùn máa ń sọ pé kì í gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ kó tún bi òun lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò gùn. Àmọ̀kẹ́, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Komu tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jímọ̀, ní kí wọ́n bá òun wọn ilẹ̀ tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Ràmọ́nì wọn ilẹ̀, Fọlákẹ́mi sì yà á ní Ọjọ́bọ̀. Odò kékeré tó ń bomi rin oko ìyá náà wà láàárín ilẹ̀, bó ṣe wà láyé ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá wọn fọwọ́ sí máápù ní Sátidé. Ní Mọ́ńdè, Ìyá Jímọ̀ wá gbà á. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ odò rẹ̀. Ìlà pupa tó yí ilẹ̀ ká ti sún sẹ́yìn, odò ti bọ́ sóde, ó ti di ti ẹnì kan tó ń sin adìyẹ ní òdìkejì. Igbe tí ìyá náà ké lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọjọ́ Ẹtì, aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ni wọ́n yí àwòrán náà padà, lórí àga Fọlákẹ́mi, pẹ̀lú orúkọ Fọlákẹ́mi. Ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ọlọ́pàá. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní láti wá gbé e, ó sì ti di aago mẹ́wàá àárọ̀.

*

"Níbo lo wà ní Ọjọ́ Ẹtì, ní aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú?"

"Mo wà lẹ́yìn ilé, mà. Mo ń jẹun."

"Ta ló rí ẹ?"

"Kò sí."

"Kọ̀ǹpútà rẹ ńkọ́?"

"Mo fi í sílẹ̀ ní títàn."

"Ta ló tún wà nílé?"

"Bàbá, ọ̀gá wa nìkan, nínú yàrá wọn. Wọ́n máa ń sùn díẹ̀ lọ́sàn-án."

Fọlákẹ́mi gbọ́ bí ìdáhùn òun ṣe ń dún, ó sì rí i pé bí òun bá jẹ́ ọlọ́pàá, òun ì bá ti mú ara òun. Ó sọ ohun tó rí láàárọ̀ náà, ó sì ń retí kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Waheedat kò rẹ́rìn-ín. "Ọfà yẹn, ṣé ó sáré àbí ó rọra?"

"Ó rọra, mà."

"Ṣé ó wá ọ̀nà kiri?"

"Rárá. Ó mọ ibi gbogbo."

"Àǹjọ̀nnú kọ́ nìyẹn. Àǹjọ̀nnú wo ló mọ ibi tí ẹ ń kó àwòrán sí?"

"Ṣé ẹ gbà mí gbọ́, mà?"

"Mi ò tíì gbà ẹ́ gbọ́. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ parọ́ á wá irọ́ tó dára ju èyí lọ. Àwòrán tó parẹ́ yẹn, kí ni ìwúlò ẹ̀?"

"Òun nìkan ló lè jẹ́rìí pé bó ṣe yẹ ni mo yà á. Ràmọ́nì ti pa ìwọ̀n inú ẹ̀rọ rẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì kí àyè lè wà fún iṣẹ́ Ìgbòho." Omi lé sí i lójú. "Kò sí ẹlẹ́rìí tó kù fún mi mọ́."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá inú ti ṣí, tí ọ̀gá wọn sì jáde. Alàgbà Ògúndìran ni, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Bàbá Débọ́lá, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, sọ́fíyọ̀ tó ti wọn ilẹ̀ láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Ràmọ́nì dọ̀bálẹ̀. Fọlákẹ́mi kúnlẹ̀. Waheedat pàápàá fi orúnkún kan kanlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ dìde." Ohùn bàbá náà tutù. Ó gbé ọwọ́ lé Fọlákẹ́mi lórí. "Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún wọn. Bó o bá ti sọ òótọ́, n ó bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Ó padà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fọlákẹ́mi sunkún nígbà náà, torí Bàbá tó fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí ti gbà pé òun ló ṣe é.

*

Isaac, tí Waheedat ránṣẹ́ pè, dé láti Ṣakí nígbà tí ọ̀sán pọ́n, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn fún òógùn. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ máápù jáde lọ́fíìsì náà ti gbó, ojú kọ̀ǹpútà pàápàá jẹ́ irú èyí tí àwọn tó ṣe é ti gbàgbé. Kò sí dírẹ́bà fún wọn, ìyẹn iṣẹ́ kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ohun tí wọ́n so mọ́ ọn, kó sì lè lò ó. Isaac jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣakí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ dírẹ́bà méjèèjì, ó sì fi wọ́n síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, Isaac ní láti padà wá tún wọn kọ́.

"Ìwọ lo mọ inú kọ̀ǹpútà yìí ju ẹni tó ni ín lọ," Waheedat wí. "Kí lo fi pamọ́ sínú dírẹ́bà yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, mà! Ẹ jẹ́ n yọ ọ́. N ó tún un kọ́ lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀, n ó sì fi èyí tó wà nínú ẹ̀ wé e. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó lé, kí ẹ mú mi."

Ó ṣe é. Ọ̀rọ̀ funfun ń sáré lójú dúdú, Fọlákẹ́mi sì ń wo ẹnu Isaac bí aláìsàn ṣe ń wo ẹnu dókítà. Ó ń gbàdúrà, ojú sì ń tì í fún àdúrà náà, pé kó jẹ́ Isaac. Bó bá jẹ́ Isaac, kò ní í jẹ́ òun.

"Ó bára mu," Isaac wí níkẹyìn. "Kò lé, kò dín."

Aago kan ti lù.

Waheedat kò gbé ojú kúrò lára ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ó dáa. Dírẹ́bà mọ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rìn nínú kọ̀ǹpútà yìí láìjókòó síbí, ọ̀nà wo ló máa gbà?"

Isaac nu ojú.

"Isaac."

"Ọ̀nà wà, mà. Èmi ni mo ṣí i."

Ràmọ́nì bú sí i. Waheedat gbé ọwọ́ sókè, Ràmọ́nì sì dákẹ́.

"Kọ̀ǹpútà yìí ní ẹ̀ṣọ́ kan tó ń ṣọ́ ojú ẹ̀," Isaac wí. "Òun ló ń pinnu ẹni tó lè rí ohun tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó lè sún ọfà. Ó yẹ kó máa bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé pé, ta nìyẹn? Mo ní kó má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ti wà lórí Wáífáì ọ́fíìsì yìí, kó máa wọlé."

"Kí ló mú ẹ ṣe irú ẹ̀?"

"Nítorí Bàbá, mà. Wọ́n fẹ́ máa wo iṣẹ́ Fọlákẹ́mi láti yàrá wọn. Mo ní kí wọ́n máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, 'Ṣé èmi ni n ó máa kan ilẹ̀kùn kí n tó wọ yàrá ara mi?' Mà, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa ní kí Bàbá kan ilẹ̀kùn? Mo ṣí i. Mo ní n ó padà wá wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Ọdún méjì rèé."

Waheedat mí kanlẹ̀. "Nílé bàbá tèmi náà, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà. Ẹni tó ṣe eléyìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wáífáì yìí, ibo ló dé?"

"Kò kọjá fáráńdà."

"Ǹjẹ́ ó ń rántí ẹni tó wà lórí ẹ̀?"

Ó ń rántí. Isaac ṣí ìrántí náà fún wọn. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ní wákàtí yẹn, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: ti Fọlákẹ́mi, ti Ràmọ́nì àti ti Bàbá.

*

"Níbo lo wà?"

"Mo lọ kírun Jímọ̀, mà," Ràmọ́nì dáhùn kíá. "Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ibo lo jókòó sí?"

"Lábẹ́ fáànù, mà, nítòsí fèrèsé."

"Fáànù mà tutù o." Waheedat tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ní Ọjọ́ Ẹtì yẹn, òrùlé mọ́ṣáláṣí yẹn wà nílẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ páànù. Orí pápá ni gbogbo wa ti kírun. Mo wà níbẹ̀, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá."

Fọlákẹ́mi rí bí ojú Ràmọ́nì ṣe yí padà, ẹ̀rù sì bà á lọ́tọ̀, torí ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Ṣé òun ni? Ṣé ẹni tó ní kí òun mu omi láàárọ̀ yìí ni?

"Ẹ má sọ fún ìyàwó mi," Ràmọ́nì wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mo wà lọ́dọ̀ Mọ́ládé. Tíṣà ni. Ó ń kó lọ sílé tuntun, mo bá a gbé bẹ́ẹ̀dì."

"Kọ̀ǹpútà rẹ ńkọ́?"

"Ó ń gbaná nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi."

Waheedat pe Mọ́ládé lórí fóònù. Mọ́ládé bínú púpọ̀ pé ọlọ́pàá pe òun, ṣùgbọ́n ó sọ pé òótọ́ ni, láti aago kan títí di aago mẹ́ta, àti pé Ràmọ́nì ló fọ́ dígí òun. Waheedat wo kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ wò, ó sì padà wá jókòó.

Mẹ́ta yọ kan, mẹ́ta yọ méjì: ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé á ṣe láìwo ìka.

"Bàbá ò mọ kọ̀ǹpútà lò, mà," Fọlákẹ́mi sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wíwò ni wọ́n ń wò."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Àwọn ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bi wọ́n. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní èmi ni mo rán yín." Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ti ń bà á láti àárọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dé bá a báyìí burú ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí yóò sì fi ti Bàbá Débọ́lá sílẹ̀?

*

Ìyá Jímọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì ní fáráńdà láti àárọ̀, máápù rẹ̀ lórí itan. Bó ṣe rí Fọlákẹ́mi, ó mú ojú kúrò.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó," Waheedat wí, ó sì kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ fi ibi tí wọ́n sún hàn mí."

Ìyá Jímọ̀ fi ìka tó ti le fún iṣẹ́ oko tọ ìlà náà. "Ibí. Àti ibí. Àti ibí tó fi yí lọ. Tó kù, òun náà nìyẹn."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ gígùn rẹ̀ sí ní mítà. Waheedat ní kí Fọlákẹ́mi kà wọ́n. Àwọn ìlà tí kò yí padà ní ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe máa ń ní i: 37.48, 112.06, 81.93. Àwọn mẹ́ta tí Ìyá Jímọ̀ tọ́ka sí jẹ́ 40.23, 60.35 àti 100.58.

"Tún un kà." Ohùn Waheedat ti yàtọ̀.

Fọlákẹ́mi tún un kà.

"Gbé fóònù rẹ. Fi 20.117 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Fọlákẹ́mi pín ti àkọ́kọ́. Ó jẹ́ méjì. Ó pín èkejì. Ó jẹ́ mẹ́ta. Ó pín ẹ̀kẹta, ó jẹ́ márùn-ún. Ó ya ẹnu sílẹ̀. "Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

"Bàbá mi máa ń fa ṣéènì fún àwọn sọ́fíyọ̀ ìjọba. Irin gígùn kan ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínláàádọ́rin. Bí wọ́n bá nà án tán lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì kan nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ogún mítà yín ti òde òní. Òun ni wọ́n fi ń wọnlẹ̀ kí mítà tó dé. Ìwọ, ǹjẹ́ o ti fọwọ́ kan ṣéènì rí?"

"Mi ò rí i rí, mà."

"Ràmọ́nì ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ló ń lò. Ó kàn ń ka ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ni."

"Ẹni tó sún ìlà yìí kò wọn nǹkan kan. Ó rántí méjì, mẹ́ta, márùn-ún, ó sì sọ wọ́n di mítà. Máápù àtijọ́ àdúgbò yẹn, ṣé ó wà ńbí?"

Ó wà. Lókè kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín ìwé tí kòkòrò ti ń jẹ, ni wọ́n ti rí i: ilẹ̀ ẹni tó ń sin adìyẹ, tí wọ́n fi ọwọ́ yà ní ọdún 1971. Lára ìlà tó bá ti Ìyá Jímọ̀ pààlà, ẹnì kan ti fi yíǹkì dúdú kọ ọ́: ṣéènì méjì, ṣéènì mẹ́ta, ṣéènì márùn-ún. Odò wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀, orúkọ ẹni tó yà á ṣì dúró ketekete, Ògúndìran.

Fọlákẹ́mi fi ọwọ́ bo ẹnu kí igbe má baà jáde.

"Ìwé àtijọ́ ò tó," Waheedat wí jẹ́jẹ́. "Wọ́n á ní èèyàn mìíràn ló wò ó kọ. Mo fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Aago mélòó ló lù?"

"Méjì ààbọ̀."

"Pe Isaac fún mi."

*

Ohun tó ní kí Isaac ṣe kò le: kó ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí láti ọdún méjì. Kí ẹ̀ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo èèyàn pé ta nìyẹn, kó máa kọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sílẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ti Bàbá.

Isaac kan ilẹ̀kùn Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀. Fọlákẹ́mi ń gbọ́ wọn láti yàrá àwòrán.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo tún dírẹ́bà kọ́ lónìí. Mo fẹ́ fi tuntun sórí tiyín náà."

"Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà lo tún gbé dé?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ò ní tẹ nǹkan kan."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà síbẹ̀ láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀. Nígbà tó padà wá, ètè rẹ̀ gbẹ. Waheedat ti kó fóònù gbogbo wọn àti kọ̀ǹpútà Ràmọ́nì sórí tábìlì níwájú ara rẹ̀, ó pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sọ̀rọ̀ sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Fọlákẹ́mi, o mà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni! Ẹ̀dà mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà? Ọlọ́run yọ ẹ́. Jẹ́ n kírun kí n tó wá wò ó."

Bàbá Débọ́lá yọ orí. "Ẹ̀dà wà? Ó mà dáa o. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó wọlé padà. Wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé.

Isaac ti fi àwòrán òfìfo kan síbẹ̀, ó sì kọ orúkọ Komu sí i. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó. Waheedat di ọwọ́ Fọlákẹ́mi méjèèjì mú lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí yóò sọ lẹ́yìnwá. Ọ̀dọ́bìnrin náà ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọfà má rìn. Bí kò bá rìn, ẹ̀wọ̀n ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má rìn.

Ọfà rìn.

Ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ òsì gòkè, ó ṣí àpò, ó wá orúkọ Komu. Isaac ń wo ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń kọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò lè pè é. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí Waheedat kó kà á fúnra rẹ̀.

*

Waheedat kò já ilẹ̀kùn. Ó kàn án, ó ṣí i, ó sì kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Ọwọ́ bàbá náà ṣì wà lórí máòsì. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ti ségi, ó sì mọ̀. Ó wo obìnrin náà, ó wo máápù ọdún 1971 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún," ó wí. "Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò kún, irà dé itan. Mi ò wọ̀ ọ́. Mo dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo fojú díwọ̀n ṣéènì, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn èèyàn ti ta ilẹ̀ lórí ìwé yẹn, wọ́n ti rà á, wọ́n ti kọ́lé sí i. Kò sí ẹni tó bi mí. Àfi Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí ọmọbìnrin yìí ya odò síbi tí odò wà."

"Bàbá, ta ló kọ́ yín?" Fọlákẹ́mi bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ ni. Ọdún méjì ni mo fi ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ láti ibí. O máa ń rọra. Èmi náà rọra."

"Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé."

"N bá gba béèlì rẹ. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́. "Ọmọdé ni ọ́, wọ́n á foríjì ọ́. Lọ́jọ́ orí mi yìí, orúkọ mi nìkan ni mo ní."

Fọlákẹ́mi bínú, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì ṣàánú bàbá náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkọ̀ dé kí aago mẹ́rin tó lù. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, èkíní mú ìwé lọ́wọ́, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń dán ní ìbàdí èkejì.

"Ta ni Olúwafọlákẹ́mi Àpọ́nlé?"

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà ti na ọwọ́ kí Waheedat tó gba ìwé náà, tó fa ìlà lé orúkọ orí rẹ̀, tó sì kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń bá yín lọ ń bọ̀."

Bàbá Débọ́lá jáde, ó ti dé fìlà. Bó ṣe yọ sí fáráńdà, Isaac àti Ràmọ́nì dọ̀bálẹ̀, ara wọn ló ṣe é kí ọkàn wọn tó rántí. Ìyá Jímọ̀ kò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó na ọwọ́, ó fa Fọlákẹ́mi sún mọ́ ara rẹ̀.

Bàbá dúró níwájú Fọlákẹ́mi. Ó ń retí. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́fà ni ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ fún un, orúnkún rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra wọn. Ó gbá òpó fáráńdà mú. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé bàbá náà kọjá ìyànà.